Bí A Ṣe Ń Tako Ìdáhùn Àjọ Nínú Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba ní Íńdíà

Ní Íńdíà, bí ìdánwò iṣẹ́ ìjọba bá parí, àjọ tó ṣe é sábà máa ń gbé ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ fi máàkì síta. Máàkì kan péré lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ fi máa ń bínú wá lọ́yà lọ. Ẹ fi lọ́yà sílẹ̀ ná. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá jáde gan-an, ẹ wo irú bébà tí ẹ ṣe. Wọ́n máa ń da ìbéèrè rú láti bébà kan sí èkejì. Ìbéèrè 14 tiyín lè jẹ́ 52 ẹlòmíràn. Ẹ má ṣi nọ́ńbà kọ.

Ẹ wá ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi ti NCERT, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwé tí wọ́n ń lò nílé ìwé. Ẹ ya fọ́tò èèpo rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, àti ojú ewé tí ìdáhùn wà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Nóòtì tí tíṣà àdáni fún yín kò lè gbà yín.

Ẹ fi àtakò náà ránṣẹ́ sórí ìkànnì àjọ kí gbèdéke tó pé. Ọjọ́ mélòó kan péré ni. Àjọ SSC, tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti gba 100 rúpì lórí ìbéèrè kan rí. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Bí ìdáhùn àṣekágbá bá jáde tí wọn ò yí i padà, ẹ ṣírò ná: bí wọ́n bá fún yín ní máàkì yẹn, ṣé ẹ máa wọlé? Bí kò bá gbé yín wọlé, ẹ má náwó.

Bó bá gbé yín wọlé, ilé ẹjọ́ ló kàn. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi ti SSC, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní Central Administrative Tribunal lẹ máa kọ́kọ́ lọ; fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni, lábẹ́ abala 226 ìwé òfin Íńdíà. Ẹjọ́ Yunifásítì Kanpur ti 1983 ni gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jàre torí ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn tako ìdáhùn náà gbangba. Ṣùgbọ́n ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ hàn kedere, láìsí àlàyé rẹpẹtẹ. Bí lọ́yà yín bá nílò ìdajì wákàtí láti ṣàlàyé rẹ̀, ẹ ti pàdánù. Níbi tí iyèméjì bá wà, àjọ ni wọ́n ń gbè. Ó lè dun ni, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ tètè lọ. Ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n kéde ní 2009 ṣì wà ní kóòtù títí di ìparí 2017. Bí wọ́n bá sì ti gba àwọn mìíràn wọlé, ẹ fi orúkọ díẹ̀ nínú wọn sínú ẹjọ́ náà, torí iṣẹ́ wọn lẹ fẹ́ gbà.