Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Ọ̀rọ̀ Ewéko Ojú Ọ̀sà Kó Yé Ará Àgbádárìgì

Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí water hyacinth, ewéko olódòdó àwọ̀ àlùkò tó ń léfòó lójú omi, lágbègbè Àgbádárìgì. Ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ti bá omi wọlé. Títí dòní ló ń dínà mọ́ ọkọ̀, tó sì ń ba àwọ̀n jẹ́. Ó ń dùn mí bí àwọn tó fẹ́ là wá lọ́yẹ̀ ṣe ń ka ìwé kan náà sí apẹja, ẹlẹ́ja àti ọmọ ilé-ìwé létí. Ohun tó ń dun kálukú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn, èdè tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì, dáadáa. Ẹ jọ jókòó ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kó má baà jẹ́ ojú agbo ni yóò ti máa wá ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ apẹja, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ, torí wọ́n mọ omi jù yín lọ. "Ẹ̀yin bàbá, níbi tí ewé yìí bò, báwo ni ẹja ṣe ń ṣe láàárọ̀ kùtù?" Wọ́n lè sọ pé ẹja ń yọ ẹnu sójú omi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọlé: ewé náà ń dí oòrùn àti atẹ́gùn lọ́wọ́, èyí tó kú sì ń jẹrà nísàlẹ̀, ni atẹ́gùn tí ẹja ń mí fi ń dín kù. Ẹ fa ewé kan yọ, kí ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀pá rẹ̀ tó wú yẹn. Wọ́n á rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún, èyí tí kì í jẹ́ kó rì.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi òjò sínú abọ́ kan, omi òkun láti erékùṣù Gberefu sínú èkejì, kí ẹ fi ewé sí méjèèjì, kí ẹ gbé wọn sílé olórí apẹja. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti inú omi òkun á rọ. Ìyẹn á ṣàlàyé ìdí tó fi ń pọ̀ nígbà òjò, tó sì ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi iyọ̀ bá wọ ọ̀sà. Lójú tèmi, abọ́ méjì yìí sàn ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fi oògùn pa á, ẹ má fi òtítọ́ pamọ́: oògùn apakoríko wà, àmọ́ ewé tó bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á rì, á jẹrà, ẹja á tún jìyà.

Ní ọjà Àgbálàtà, ẹ má lọ nígbà tí ọjà gbóná. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé ìgbẹ́, pàǹtí àti ajílẹ̀ tó ń ṣàn wọ omi ni oúnjẹ ewé náà. Ẹ má dá wọn nìkan lẹ́bi o; ajílẹ̀ oko àti gọ́tà ìgboro wà níbẹ̀.

Ẹ̀kùrọ́ tó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Tí ibi tó wà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ewé náà lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n to 1, 2, 4, 8. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 20 bá pé, 1,024 ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ ń fẹ́ ojú ìwé kan: fọ́tò, déètì, èbúté tó dí, iye ọkọ̀ tí kò lè kọjá. Ẹ fi kún un pé irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ ju ọdún 10 lọ, nítorí náà owó ìkólẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè tó.

Kí ẹ tó dìde lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó tún un sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ mú ọjọ́ tí ẹ máa kó o, àti ibi tí ẹ máa kó o jọ sí: òkè gbígbẹ tí omi òjò kò lè dé, kó má baà tún ṣàn padà.