Bí mo ṣe sọ fọ́tò ẹja 202 MB di 9 MB

Fọ́tò 46 ni, ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ kó sójú ìwé ìtajà wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù ni wọ́n fi yà wọ́n: 4000 × 3000 pixel (àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), 4 MB sí 5 MB ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tó ń fi owó péńpé ra dátà kò ní dúró de ìyẹn.

Fífẹ̀ àwòrán ni mo kọ́kọ́ dín kù, mi ò tíì fọwọ́ kan quality, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa fún fáìlì pọ̀ tó: bó bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún un pọ̀ sí i. Bí 4000 × 3000 bá di 1200 × 900, pixel mílíọ̀nù 12 ti di mílíọ̀nù kan lé díẹ̀, ó sì tó ojú fóònù. Ẹni tó bá fi 4000 sílẹ̀ tó wá ń fa quality wálẹ̀, àwòrán á bàjẹ́, fáìlì á sì tún wúwo.

ImageMagick, ètò tí a ń tẹ àṣẹ fún láti tún àwòrán ṣe, ni mo lò lórí kọ̀ǹpútà. Mo dá fódà kan tí mo pè ní kekere sínú fódà fọ́tò (ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú), mo wá tẹ:

magick mogrify -path kekere -auto-orient -resize "1200x1200>" -quality 75 -strip *.jpg

Ẹ má yọ -path o, òun ló ń sọ fódà tí tuntun máa wọ̀. Láìsí i, mogrify á kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, ó sì parí nìyẹn. Àmì > ni kò ní jẹ́ kó fẹ èyí tó ti kéré tẹ́lẹ̀. Ẹ fi àmì àyọlò yí i ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ fẹ́ da èsì sínú fáìlì. -strip ń nu àkọsílẹ̀ tó fara pamọ́ sínú fọ́tò, títí kan ibi tí wọ́n ti yà á. Àmọ́ inú àkọsílẹ̀ yẹn náà ni fóònù ń kọ bí wọ́n ṣe gbé e dúró. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé -auto-orient, tó ń gbé fọ́tò dúró bó ṣe yẹ kí -strip tó nu àkọsílẹ̀ náà: fọ́tò 11 tí wọ́n yà lóòró sùn gbalaja bí àrọ̀ lórí àtẹ.

Mo dán quality 60, 75 àti 90 wò lára ẹ̀pìyà kan. Ìpẹ́ ẹja ló ń tú àṣírí. JPEG, irú fáìlì tí àwọn fọ́tò yìí jẹ́ (.jpg), máa ń pín àwòrán sí ìgúnmẹ́rin 8 × 8 pixel. Ní 60, wọ́n ti ń hàn létí abọ́ àti láàárín ìpẹ́. 90 wúwo ju 75 lọ dáadáa, ojú mi ò sì rí ìyàtọ̀. Ẹ̀pìyà nínú abọ́ funfun di 110 KB. Edé gbígbẹ tó kún àtẹ di 340 KB, torí ohun wẹ́wẹ́ ń gba àyè ju ojú funfun lọ.

Mẹ́ta ni wọ́n fi pupa kọ iye owó sí lára, lẹ́tà náà sì di bàìbàì: JPEG máa ń dín àwọ̀ kù ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Mo fi -sampling-factor 4:4:4 (tó ní kó má ṣe dín àwọ̀ kù bẹ́ẹ̀) àti quality 85 tún wọn ṣe, láti orí ògbólógbòó, torí JPEG tí a bá tún fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì á tún pàdánù sí i. Lógò wọn tó jẹ́ PNG (irú fáìlì àwòrán mìíràn), mi ò fọwọ́ kàn án.

Gbogbo rẹ̀ di 8.9 MB. Ògbólógbòó wà lórí flash.