Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Orin Yín Lókè Òkun

Ká ní ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ lo orin yín, ẹ sì jọ fẹnu kò sí 10,000 dọ́là. Nígbà tí owó máa dé, 7,000 ni. Ọ̀pọ̀ aṣẹ̀dá orin á gbà pé aṣojú òun ló fọwọ́ pa ìyókù mọ́. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí ẹni tó ń sanwó yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ẹ̀tọ́ (royalty) orin tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wọn, kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbé ibẹ̀. Orí odindi owó ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, kí aṣojú tó mú tirẹ̀.

Fọ́ọ̀mù W-8BEN, ìwé tí ẹ fi ń sọ fún ẹni tó ń sanwó pé ẹ kì í gbé Amẹ́ríkà, ni àṣìṣe ti ń bani lọ́kàn jẹ́ jù. Wọ́n á fi ránṣẹ́, olórin á buwọ́ lù ú lórí fóònù láìkà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ìlà 9. Orílẹ̀-èdè tí òfin owó orí ti kà yín sí olùgbé ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, wọn ò béèrè ibi tí wọ́n bí yín tàbí ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Peckham ní London, tó ń san owó orí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó wá kọ Nàìjíríà síbẹ̀, ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdá 30 sọnù. Àdéhùn tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀ lára owó ẹ̀tọ́ orin rẹ̀. Tó bá sì rò pé HMRC, àjọ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa fi owó yẹn dín owó orí òun kù, kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí àdéhùn gbà kí Amẹ́ríkà yọ nìkan ni wọ́n máa fi dín in kù, òdo sì ni.

Ẹni tó ń gbé Èkó kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí yá àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ó dunni, ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbuwọ́lù yẹn, irọ́ inú rẹ̀ sì ní ìjìyà lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba green card ní tiyín, W-9, ti àwọn tí Amẹ́ríkà kà sí olùgbé, ni fọ́ọ̀mù yín.

Ẹ má gbàgbé pé fọ́ọ̀mù W-8BEN máa ń kú. Èyí tí ẹ buwọ́ lù nígbàkigbà nínú ọdún 2023, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ló parí.

Bákan náà ni ti YouTube láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Tí ẹ bá kọ ìwé owó orí yín síbẹ̀, owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan lórí àkáǹtì aládàáni lè pàdánù ìdá 24 lára gbogbo owó rẹ̀ kárí ayé.

Ibi tí owó ńlá wà gan-an ni ìwé àdéhùn tí ẹ bá ilé iṣẹ́ náà ṣe, ibẹ̀ la kì í sì í wò. Owó ẹ̀tọ́ àti owó iṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ibi tí wọ́n ti lo orin ni òfin Amẹ́ríkà ń wò fún owó ẹ̀tọ́. Fún owó iṣẹ́, ibi tí ẹ jókòó sí ṣe é ni. Tí ẹ bá wà ní stúdíò yín ní Ìbàdàn, tí ẹ ń ṣe orin tuntun fún fíìmù wọn, owó iṣẹ́ ọwọ́ yín kì í ṣe owó tó ti Amẹ́ríkà wá lójú òfin yẹn. Ká ní 6,000 nínú 10,000 yẹn jẹ́ owó iṣẹ́, tí 4,000 jẹ́ owó ẹ̀tọ́ lílò ní Amẹ́ríkà. Tí ìwé àdéhùn yín bá pe gbogbo rẹ̀ ní owó ẹ̀tọ́, 3,000 lọ nìyẹn. Tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, 1,200 ni. Kí ìpín náà jẹ́ òótọ́ o, kí akáńtáǹtì tó mọ owó orí Amẹ́ríkà sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Tí fíìmù náà bá máa jáde kárí ayé, ẹ ní kí wọ́n kọ èyí tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà nínú owó ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ má ro gbogbo ìlú pọ̀. Jámánì ń yọ ìdá 15.825. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yọ ìdá 20, ṣùgbọ́n àdéhùn wọn pẹ̀lú Nàìjíríà sọ ọ́ di 12.5, ẹ̀yin lẹ sì máa béèrè fún un.

Tí oṣù Kẹta bá ti ń lọ, ẹ béèrè ìwé 1042-S lọ́wọ́ ẹni tó sanwó fún yín láti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 15 oṣù náà ló yẹ kó ti fi ránṣẹ́, òun ló sì ń fi iye tí wọ́n yọ hàn. Tí wọ́n bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ, fọ́ọ̀mù 1040-NR, ìwé owó orí àwọn tí kì í gbé Amẹ́ríkà, lẹ máa fi gbà á padà. Ó máa béèrè ITIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù W-7 ni wọ́n sì fi ń gba ìyẹn. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wọn kì í dá a padà mọ́.