Bí mo ṣe wá ojú atukọ̀ mẹ́jọ kiri ní Belém

Lọ́dún 1945, Portugal tẹ sítáǹpù mẹ́jọ jáde láti fi yẹ́ àwọn atukọ̀ wọn sí: Gil Eanes, João Gonçalves Zarco, Bartolomeu Dias, Vasco da Gama, Pedro Álvares Cabral, Fernão de Magalhães, Gonçalo Velho àti Diogo Cão. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo rà wọ́n jọ, àwọn mìíràn ṣì lẹ̀ mọ́ bébà lẹ́tà. Mo fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló tún wà lára ère ńlá tí wọ́n fi ń rántí àwọn atukọ̀, Padrão dos Descobrimentos, létí odò Tejo, ní Belém, Lisbon.

Láti yọ àwọn tó lẹ̀ mọ́ bébà, mo gé bébà tó yí wọn ká, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí n má baà gé eyín wẹ́wẹ́ etí sítáǹpù. Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, mo tẹ́ wọn sí i, ojú wọn sókè, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fà á o. Tí gọ́ọ̀mù bá yọ́, fúnra rẹ̀ ni yóò yọ̀ kúrò. Mo kánjú fa Zarco, igun rẹ̀ kan sì ya. Ó dùn mí títí di òní. Ẹ̀mú kékeré ni mo fi gbé àwọn tó kù sórí bébà tó ń fa omi, mo fi ìwé ńlá tẹ̀ wọ́n di ọjọ́ kejì.

Ó wá ku Belém. Ọdún 1960 ni wọ́n fi kọnkéré àti òkúta kọ́ ère náà, nígbà tó pé 500 ọdún tí Henrique, ọmọ ọba Portugal tó ń rán àwọn atukọ̀ sójú òkun, kú. Òun ló ṣíwájú, ó gbé ọkọ̀ kékeré dání, àwọn 32 sì tò tẹ̀lé e lọ́tùn-ún lósì. Lápá ìlà-oòrùn ni mo ti rí da Gama, Cabral, Magalhães, Dias àti Cão. Eanes àti Zarco wà ní ìwọ̀-oòrùn. Méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i po kí n tó gbà pé Gonçalo Velho kò sí níbẹ̀. Ponta Delgada, ní erékùṣù Azores, ni ère tirẹ̀ wà.

Ìwọ̀-oòrùn yẹn náà ni Zurara wà, akọ̀wé ìtàn ọba. Òun ló kọ bí wọ́n ṣe pín ẹrú 235 tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ní Lagos lọ́dún 1444, tí àwọn ìyá ń gbá ọmọ wọn mọ́ra. Lagos ti Portugal ni o, kì í ṣe Èkó wa. Mo pẹ́ níwájú ère yẹn. Kò sí ojú ẹnì kankan nínú àwọn 235 náà lókè níbẹ̀, kò sì sí lórí sítáǹpù mi.

Mo ti to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú álíbọ́ọ̀mù báyìí. Mo fi àyè ìkẹsàn-án sílẹ̀ lófìfo, mo kọ 235 sábẹ́ rẹ̀.