Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá títì ní Delhi

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Delhi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó jáde lọ ra ata. Apá òsì ni mọ́tò ń gbà níbí. Àwa ti pa ìyẹn tì ní Nàìjíríà láti 1972, ó sì ti mọ́ wa lára ká kọ́kọ́ wo òsì. Ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òsì dáadáa, torí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá lè gba òdìkejì yọ sí yín.

Ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀nù já yín láyà. Wọn ò fi bú yín, wọ́n kàn ń sọ pé àwọn ń bọ̀ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ dúró ti àwọn onílùú, kí ẹ bá wọn rìn pọ̀. Ẹ má sáré, ẹ má sì ṣẹ́rí padà láàárín títì rárá! Awakọ̀ ti fojú díwọ̀n ibi tí ẹ máa dé. Ẹni tó bá yí padà lójijì ló ń kó sí mọ́tò lẹ́nu.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ ra ata ní ọjà INA Market ńkọ́? Ẹ wọ Metro, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ibùdókọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ọjà gan-an. Ẹ̀yin obìnrin, wágọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tiyín ni.