Bí a ṣe lè fi owó tí kò pọ̀ rin orílẹ̀-èdè mélòó kan tó múlé ti ara wọn

Ìrìn àjò tí èèyàn ti ń rò láti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn máa ń wúwo lọ́kàn, nítorí pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni orúkọ ìlú tí a fẹ́ dé ń pọ̀ sí i, títí tí a ó fi fẹ́ kó orílẹ̀-èdè méje sínú ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Oúnjẹ kọ́ ló sábà ń gbọ́n àpò arìnrìn-àjò gbẹ, bí kò ṣe owó ọkọ̀, owó físà, àti kíkó ẹrù láràárọ̀ láti ilé kan sí òmíràn. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ibi tó wù yín sílẹ̀, kí ẹ sì yọ nǹkan bí ìdajì kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó. Bí wọ́n bá kéré tí wọ́n sì súnmọ́ra gan-an nìkan ni mo fi lè gbà kí ó di mẹ́rin. Ẹni tó bá lo ọjọ́ márùn-ún nínú ìlú kan yóò mọ ibi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹun àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wọ̀, onílé sì lè dín owó kù fún un nítorí pé kì í ṣe òru kan ṣoṣo ló wá sùn.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó fa ìlà kankan sórí máàpù, ẹ yẹ ìwé ìrìnnà yín wò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í gba ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá ṣẹ́ kù tó oṣù mẹ́fà. Ẹ ka ojú ewé tó ṣófo nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé físà kan lè gba odindi ojú ewé, ọ̀pọ̀ ẹnubodè sì ní òǹtẹ̀ ìjáde àti òǹtẹ̀ ìwọlé tiwọn.

Ọ̀rọ̀ físà ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù lọ, nítorí pé òun ni yóò sọ orílẹ̀-èdè tí a ó kọ́kọ́ wọ̀ àti èyí tí a ó fi kẹ́yìn. Ní àwọn agbègbè kan, físà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún ju orílẹ̀-èdè kan lọ. Físà arìnrìn-àjò ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là, gba èèyàn láyè láti wọ Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Rùwáńdà láàárín 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n Tànsáníà kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó múlé ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá yà sí Tànsáníà láàárín kan kò gbọdọ̀ gbà pé físà yẹn yóò ṣì mú òun padà wọ Kẹ́ńyà. Kí ó fi Tànsáníà parí ìrìn rẹ̀ ni ó dára jù. Ní agbègbè Schengen ti ilẹ̀ Yúróòpù, àlejò tó wá fún ìgbà díẹ̀ ní 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́, ọjọ́ tí ó bá lò ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ni a sì ń kà pọ̀. Bí físà yín bá jẹ́ èyí tí a fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ sì jáde láti Húngárì lọ sí Sérbíà, tí kò sí nínú Schengen, ẹ kò lè fi físà kan náà wọ Kroatíà, tí òun wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2023. Lórí máàpù, ọ̀nà náà tọ́, ó sì kúrú. Ìwé ni kò gbà á. Bákan náà ni pé Gùàtẹ̀málà, Họ̀ndúràs àti Nikarágúà jọ ní 90 ọjọ́ kan ṣoṣo fún àlejò, kíka ọjọ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nítorí pé èèyàn kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún físà kọ̀ọ̀kan: ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo lè wọlé, ọjọ́ mélòó ni mo lè lò, ìgbà wo ni kíka ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀?

Káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, náà ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà tí a gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ èyí. Orílẹ̀-èdè kan lè má bèèrè àmì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó ti ilé rẹ̀ wá tààrà, kí ó sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà bí ó bá gba orílẹ̀-èdè tí ibà náà wà kọjá. Káàdì náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, láti ọdún 2016 sì ni ó ti wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó gbà á. Ẹ má ṣe fi í di ọ̀la.

Nísinsìnyí ni kí ẹ wá fa ìlà. Kí ìlà náà máa lọ síwájú, kí ó má ṣe yí padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ wọlé láti ìlú kan ní ìpẹ̀kun àkọ́kọ́, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ òfúrufú padà sílé láti ìlú mìíràn ní ìpẹ̀kun kejì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́n ju àlọ-àbọ̀ láti ìlú kan ṣoṣo lọ díẹ̀, ẹ fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó fi padà sẹ́yìn kún àlọ-àbọ̀ náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹ sì ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí a fi ń wọ ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Interrail fún àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù àti Eurail fún àwọn tó ti ibòmíràn wá. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ lọ sí ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ní Faransé àti Sípéènì ń gba owó ìjókòó lọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ti dín ibi tó ń lọ kù lè rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó tètè rà, kò tó iye yẹn.

Ìṣirò owó kò ṣòro bí ẹ bá ṣe é lọ́nà tó tẹ̀léra. Ká ní ẹ ní 1,000 dọ́là lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, tí físà, ọkọ̀ ilẹ̀ àti adójútòfò sì gba 450. Ẹ yọ 150 sọ́tọ̀ fún àìsàn tàbí ọ̀ràn pàjáwìrì, kí ẹ sì gbà pé kò sí lọ́wọ́ yín. 400 tó ṣẹ́ kù, bí a bá pín in sí ogún ọjọ́, jẹ́ 20 dọ́là lójúmọ́ fún ibùsùn, oúnjẹ àti ohun gbogbo. Bí 20 kò bá tó ní ibi tí ẹ ń lọ, ẹ dín ọjọ́ tàbí orílẹ̀-èdè kù nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ adójútòfò kúrò kí ìṣirò lè bára mu. Àìsàn ọjọ́ méjì nílẹ̀ àjèjì lè gba ju gbogbo owó yẹn lọ.

Ní ti ṣíṣẹ́ owó, ẹ jẹ́ kí owó orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ máa tán lọ bí ẹnubodè ti ń súnmọ́, nítorí pé iye tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ yín lódì kejì sábà máa ń kéré. Ẹ mú dọ́là tàbí yúrò díẹ̀ tí kò ya, tí kò sì dọ̀tí, dání. Bí ẹ̀rọ ìpọwó bá sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí a fi owó ilẹ̀ yín ṣírò ohun tí ẹ gbà, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ yan owó ibẹ̀, torí pé ìṣirò ti ẹ̀rọ náà sábà máa ń wọ́n ju ti báńkì yín lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọjá ẹnubodè, ẹ gbéra láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹnubodè orí ilẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú tó tẹ̀ lé e sì lè tán kí ọjọ́ tó rọ̀. Àlejò lójú, kò sì fi í ríran, pàápàá lóru. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde kí ẹ tó rìn lọ sí apá kejì, kí ẹ má sì ṣe kúrò níwájú òṣìṣẹ́ tó lu òǹtẹ̀ ìwọlé láìwo ọjọ́ tó kọ sí i. Àṣìṣe nọ́ńbà kan níbẹ̀ lè di owó ìtanràn ní ọjọ́ tí ẹ bá ń jáde. Owó tí ẹ bá sì san, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ tó sùn ní orílẹ̀-èdè tuntun náà, ẹ ka owó tó ṣẹ́ kù, kí ẹ sì fi ọjọ́ tó ṣẹ́ kù pín in. Bí ohun tó jáde bá kéré ju iye tí ẹ fi kúrò nílé lọ, ẹ ṣí máàpù, kí ẹ sì yọ ìlú kan kúrò nínú èyí tó wà níwájú kí ẹ tó ronú àtiyọ oúnjẹ kan kúrò lójúmọ́.