"Ẹ̀gbọ́n, AI ni mo fẹ́ ṣe": àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣèwádìí ní dìpátímẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà

Àwọn àbúrò tó máa ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń bá bọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ń wá skúùlù fún másítàs o, AI ni mo fẹ́ ṣe." Màá ní AI wo? Wọ́n á ní AI náà ni. Màá ní kí lo ti wò mọ́ ọn kó o tó mú un? Ẹnu á wọhò. Wọn ò wo nǹkan kan. ChatGPT ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì fi ń wọn gbogbo ohun tó wà ní dìpátímẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Ẹni tó lọ sọ́jà Bódìjà, tó ra tòmátì lẹ́nu ọ̀nà, tó wá ń sọ nílé pé tòmátì ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, a ò lè ní ó parọ́, àmọ́ kò dé ìsọ̀ ẹlẹ́wà, kò dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-pákó rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Yunifásítì California ti Berkeley, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa lo nǹkan wọn lónìí láìmọ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Michael Stonebraker àti Eugene Wong ń wádìí níbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè kó dátà rẹpẹtẹ pa mọ́, téèyàn á fi lè bi í ní ìbéèrè kó sì dáhùn kíá, Ingres ni wọ́n pe tiwọn, nígbà tó di 1986 Stonebraker tún bẹ̀rẹ̀ òmíì tó pè ní Postgres, ibẹ̀ ni PostgreSQL táwọn tó ń ṣe áàpù ń lò káàkiri ti wá. Ní dìpátímẹ́ǹtì kan náà, láti 1980, ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ni David Patterson àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ gbájú mọ́: wọ́n ní kí lẹ̀rọ ń fi àṣẹ jágbajàgba ṣe, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìwọ̀nba tó rọrùn kó máa sáré ṣe é. RISC nìyẹn. ARM tó ṣeé ṣe kó wà nínú fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, RISC ni R tó wà láàárín orúkọ ẹ̀ dúró fún níbẹ̀rẹ̀. Richard Karp ní tiẹ̀, pépà àti bírò ló fi ṣiṣẹ́, màá padà sórí ẹ̀. Lotfi Zadeh náà wà níbẹ̀, òun ló gbé fuzzy jáde ní 1965, èrò pé nǹkan lè jẹ́ òótọ́ dé ìwọ̀n kan láìjẹ́ òótọ́ pátápátá (ẹ wọ láíbìrì dìpátímẹ́ǹtì nílé, ẹ máa fa tíísìsì yọ, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi rí "fuzzy expert system" tó ń yẹ ibà wò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè ní tòun nìkan ni kọ̀ǹpútà.

Àṣìṣe kejì, èmi fúnra mi jẹ níbẹ̀. Fáínà yíà mi, sọ́fítíwíà tó ń pín yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo kọ. "Design and Implementation of an Online Hostel Allocation System", ẹ mọ àkòrí yẹn, ẹ ti rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ ti rí àbúrò ẹ̀. PHP àti MySQL ni mo fi ṣe é, mi ò rí oorun gidi sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo tẹ ìwé ẹ̀ jáde pẹ̀lú èèpo líle aláwọ̀ búlúù, mo wọ súùtù ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi dífẹ́ǹsì. Bàbá kan tí wọ́n pè wá láti ìta láti wá yẹ̀ wá wò ń ṣí i léwé-léwé, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n wá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti kọ́lé. Ilé náà dáa. Kí lo wá rí níbẹ̀ tá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo ní, ó ń ṣiṣẹ́ sà. Wọ́n ní àwọn rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún mi ní B, mo bínú lọ sílé, ó sì gbà mí tó ọdún mẹ́ta kí ìbéèrè yẹn tó yé mi.

Kéèyàn kọ kóòdù wà lára iṣẹ́ ìwádìí lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè ló máa ń ṣáájú. Họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo mú yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ PhD bíi mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò á béèrè pé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá purọ́ nípa yàrá tó wù ú, ṣé irọ́ yẹn á ṣe é láǹfààní, ṣé a sì lè gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí irọ́ ò ti ní wúlò fẹ́nikẹ́ni. David Gale àti Lloyd Shapley ti kọ̀wé lórí irú pínpín báyìí láti 1962, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti bí ọmọ ṣe ń wọ yunifásítì ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀, ní 2012 ni wọ́n wá fún Shapley ní ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Alvin Roth. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ sístẹ́ẹ̀mù á fẹ́ mọ ìdí tí pọ́tà fi máa ń kú nígbà tí gbogbo skúùlù bá jọ tẹ bọ́tìnì lágogo méjìlá òru, níbo gan-an ló ti ń há, ṣé dátábéèsì ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá sì ku bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, téèyàn méjì tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, ta ló máa gbà á? Ti sìkiọ́rítì ní tiẹ̀ á máa wò ó pé kí ni ọ̀gá tó ń mójú tó pọ́tà lè yí padà nígbà táwọn èèyàn bá ti sùn, báwo la sì ṣe máa mọ̀ tó bá yí i. Ẹni tó ń wádìí bí èèyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn ṣe á lọ jókòó ti àwọn jámbítì pẹ̀lú fóònù kékeré tójú ẹ̀ ti fọ́, á máa wo ojú ìwé tó ń sú wọn tí wọ́n fi ń pa fọ́ọ̀mù náà tì. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, ìsọ̀ mẹ́rin.

Àwọn kan máa ń fojú kéré èyí tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n á ní kí ló kan kọ̀ǹpútà kan jámbítì, sosiọ́lọ́jì nìyẹn. Ní 2018, Joy Buolamwini tó wà ní MIT àti Timnit Gebru mú ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó máa ń wo ojú èèyàn tá sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, wọ́n ní kó wo àwọn tó funfun kó sì wo àwọn tó dúdú. Fún ọkùnrin tó funfun, àṣìṣe ẹ̀ ò tó 1 nínú 100. Fún obìnrin tó dúdú, ti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà dé 34.7 nínú 100. Àwọn yẹn ò kọ ẹ̀rọ tuntun kankan o, ibi táwọn tó kọ ọ́ ò wò ni wọ́n lọ wò.

Ti ìṣirò ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan wá ṣe kọ̀ǹpútà torí pé wọ́n ń sá fún un ni. Ẹ má sá. Karp tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní 1972 ó kó ìṣòro 21 jọ, ó fi hàn pé tẹ́ ẹ bá rí ọ̀nà yíyára fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti rí ti gbogbo wọn nìyẹn. Ọ̀kan ni pé ká kun nǹkan láwọ̀, kí èyíkéyìí tó bá so mọ́ra wọn má ṣe ní àwọ̀ kan náà, ká sì lo ìwọ̀nba àwọ̀ tó kéré jù. Ẹ wá fi kọ́ọ̀sì rọ́pò nǹkan, kẹ́ ẹ fi àkókò rọ́pò àwọ̀: kọ́ọ̀sì méjì tí ọmọ kan náà ń ṣe ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò kan. Táìmùtébù ìdánwò nìyẹn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sẹ̀ tó parí! Títí dòní, kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà yíyára yẹn, kò sì sẹ́ni tó fi hàn pé kò sí, láti 2000 sì ni Clay Mathematics Institute ti gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fẹ́ni tó bá yanjú ẹ̀. Ẹni tí ò mọ èyí á fi odindi ọdún méjì wá kóòdù tó máa yára fún skúùlù ní táìmùtébù tí ò lábùkù rárá, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó sún mọ́ ọn ló yẹ kó máa wá.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tó mú àkòrí tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò lè gbé. Ní 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton ní Toronto fi káàdì kọ̀ǹpútà GTX 580 méjì péré, èyí tí wọ́n ṣe fáwọn tó ń gbá géèmù, kọ́ ẹ̀rọ láti dá àwòrán mọ̀, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló gbà wọ́n, gbogbo ayé sì gbọ́. Ti òde òní ti kúrò níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì ni wọ́n ń tò jọ. Ìwọ wá wà ní Mọ́kọ́lá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù oní-8GB, NEPA mú iná lọ látàná, Colab ọ̀fẹ́ (kọ̀ǹpútà Google téèyàn ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) já ọ sílẹ̀ láàárín òru, o wá kọ ọ́ sí pùrópósà pé o fẹ́ kọ́ ChatGPT tìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta lo fẹ́ fìyà jẹ?

Ohun tí láptọ́ọ̀pù yẹn lè gbé pọ̀, pàápàá lórí èdè wa, àmọ́ àwọn èèyàn á ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbé e lọ sí Linguistics. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa sọ Yorùbá tohùn á sì lọ sókè-sódò bó ṣe yẹ, dìpátímẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ ló ti ṣe é. Túndé Adégbọlá náà dá Alt-i sílẹ̀ n'Íbàdàn torí èdè wa. Láti 2019 làwọn ọ̀dọ́ káàkiri Áfíríkà ti kóra jọ sí Masakhane, ẹgbẹ́ tó ń wádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa gbọ́ èdè Áfíríkà, ní 2021 sì ni MENYO-20k jáde, gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó lé díẹ̀ ní 20,000, téèyàn fọwọ́ tò. Ẹ tẹ "mo ra igba" láìfi àmì sí i, ẹ wá bi ẹ̀rọ pé kí ni mo rà: ṣé igbá ni, ṣé ìgbá ni, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Káàdì ẹgbẹ̀rún kọ́ ló máa yanjú ìyẹn, ẹni tó gbọ́ èdè ló máa kọ́kọ́ jókòó fàmì sí dátà ọ̀hún.

Ti jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé pépà ìwádìí jáde, ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó gba pépà yín lọ́jọ́ mẹ́ta, tó wá ní kẹ́ ẹ sanwó, ẹ sá fún un. Nínú kọ̀ǹpútà, kọ́ńfáréǹsì nibi tọ́pọ̀ iṣẹ́ ńlá ti ń kọ́kọ́ jáde, ti dátábéèsì ní SIGMOD, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní SIGCOMM, ti bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ ní CHI. Tẹ́ ò bá mọ tìsọ̀ yín, ẹ ò tíì mọ ìsọ̀ tẹ́ ẹ wà.

Ó wá ku íméèlì. Àbúrò mi kan kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rìnlélógún nílùú òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: "Dear Professor, I am passionate about AI and I admire your research." Mo ní kó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ kí n wò ó. Mẹ́jọ nínú wọn ò ṣe AI rárá, ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń wádìí bí dísìkì ṣe ń bà jẹ́. Ẹnì kankan ò dá a lóhùn, ṣé wọ́n jẹ̀bi?

Mo ní kó mú pépà kan péré, ti onídísìkì yẹn, kó kà á dópin, kó sọ fún mi ibi tí ò yé e. Ó kà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní wọ́n kọ ọ́ bíi pé iná ò lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé àwọn lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo ní kọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Líńà mẹ́fà ni, kò sí "passionate" níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: òyìnbó náà ní òun ò gbọmọ lọ́dún yìí, àmọ́ kó sọ fóun, ẹ̀ẹ̀melòó ni iná máa ń lọ lóòjọ́?